Ta Lẹ Fi Wé Ta? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Ìwádìí Oníṣirò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tá a ti ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí ìwádìí oníṣirò, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní quantitative ní yunifásítì, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ NGO náà kọ̀wé, àwọn tíṣà náà kọ̀wé. Mo mú mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ inú wọn kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ìdáhùn kan bá gùn ju òmíì lọ ẹ má bínú, ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni mo dúró sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Másítà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Súpáfáísọ̀ mi ní quantitative ni kí n ṣe, bẹ́ẹ̀ mo ti ń sá fún mátíìsì látìgbà tí mo ti wà ní SS2. Mo ra ìwé kan, mi ò tíì ka ojú ìwé mẹ́ta tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà Gíríìkì sí mi lójú. Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́rù ń bà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pa ìwé yẹn dé ná, wàá padà sí i tó bá yá. Ìṣirò tí ọwọ́ ẹ máa kàn nínú iṣẹ́ másítà ò ju àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pípín àti pẹ́sẹ́ǹtì lọ, èyí tó le nínú ẹ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè bá ẹ ṣe ni kó mọ nǹkan tó o fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré kọjá torí wọ́n fẹ́ tètè dé ibi SPSS, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí.

Mú bébà, kọ ìbéèrè ẹ sílẹ̀ ní Yorùbá, bó o ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá ẹ nílé. Má kọ "ipa tí oúnjẹ ilé ìwé ń kó lórí ẹ̀kọ́", ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Kọ ọ́ báyìí: ṣé àwọn ọmọ práímárì kejì tí wọ́n ń fún lóúnjẹ ní ṣùkúù ń wá sí ṣùkúù ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọn ò fún lọ? O ti rí i báyìí pé a mọ ẹni tá a fẹ́ wò (ọmọ práímárì kejì), a mọ nǹkan tá a máa kà (ọjọ́ tí wọ́n wá ní tàámù kan, ó wà nínú régísítà), a sì mọ ẹni tá a fi wé wọn. Tí ìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sí, má tíì lọ síbi questionnaire (ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pín) rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe nọ́ńbà kó o tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Ká ní ìyá mẹ́wàá ló ń tajà ní ìlà kan lọ́jà, mẹ́sàn-án ń jèrè 10,000 náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kẹwàá tó ń ta lọ́pọ̀ ń jèrè 500,000. Tó o bá rò ó pọ̀ tó o pín in sí mẹ́wàá, 59,000 ni ìpíndọ́gba. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìyá kankan lórí ìlà yẹn tó ń jèrè 59,000! Àmọ́ tó o bá tò wọ́n látorí ẹni tó kéré jù títí dórí ẹni tó ga jù tó o wo àárín, 10,000 ni wàá bá níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní median. Tó bá jẹ́ owó lò ń wò, fi méjèèjì hàn nígbà gbogbo, ẹni tó bá ń kà á máa mọ̀ fúnra ẹ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Tí èyí bá ti yé ẹ, fi ọwọ́ ya tábìlì oníbejì, ọkùnrin àti obìnrin lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lápá kejì, lo ọgbọ̀n èèyàn péré. Fi ọwọ́ ya gíráàfù tí nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tí ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, fi dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó o wá fi rúlà wá ìlà tó gba àárín wọn kọjá. Ìlà yẹn ni regression tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. T-test náà, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ àárín ọ̀wọ́ méjì jẹ́ òótọ́, tó máa ń dà bíi nǹkan abàmì, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló gbé e jáde ní 1908, William Gosset lorúkọ ẹ̀, ohun tó ń dà á láàmú ni bó ṣe máa mọ òótọ́ nígbà tí nǹkan tó lè yẹ̀ wò ò ju díẹ̀ lọ. Orúkọ "Student" ló fi tẹ̀ ẹ́ jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Student's t-test títí dòní. Iṣẹ́ ọwọ́ ló bí i, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ó ń wá bó ṣe máa fi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo ń bá NGO kan ṣiṣẹ́ nílùú Ọ̀yọ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ M&E (ìyẹn títọpa iṣẹ́ àti ṣíṣe ìgbéléwọ̀n ẹ̀) lé mi lọ́wọ́. A yá àwọn ìyá ọlọ́jà 120 lówó. A béèrè èrè wọn kí wọ́n tó gbowó, a tún padà béèrè lẹ́yìn ọdún kan, èrè wọn ti lọ sókè gan-an ni. Àwọn tó ń fún wa lówó wá ní ìyẹn ò tó o, "impact", ìyẹn ìyàtọ̀ tó jẹ́ owó yẹn gan-an ló mú un wá, làwọn fẹ́ rí. Kí ló kù tá ò ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, ẹ sì kú bẹ́ ẹ ṣe rántí béèrè kí wọ́n tó gbowó, ọ̀pọ̀ NGO ni kì í ṣe ìyẹn, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni wọ́n máa ń wá nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kiri. Ohun tó kù ni ẹni tẹ́ ẹ fi wé wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní èrè wọn jẹ́ 20,000 lọ́sẹ̀ kí owó yín tó dé, ó wá di 32,000 lẹ́yìn ọdún kan. 12,000 ló fi lé. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe gbówó lórí láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ẹni tó ń ta tòmátì bákan náà, iye kan náà, owó tó máa kà lálẹ́ máa pọ̀ ju ti èṣí lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yá a ní kọ́bọ̀. Ká wá ní ẹ lọ bá àwọn ìyá tí wọn ò gbowó yín lọ́jà kan náà, tiwọn kúrò ní 19,000 ó di 28,000. Àwọn náà fi 9,000 lé e. Tẹ́ ẹ bá yọ 9,000 kúrò nínú 12,000, ó ku 3,000. 3,000 yẹn lẹ lè sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ owó yín. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní difference-in-differences, orúkọ ẹ̀ gùn àmọ́ àyọkúrò méjì péré ló wà nínú ẹ̀.

Mo sọ pé "ó ṣeé ṣe" torí nǹkan kan ṣì wà. Àwọn wo lẹ yá lówó? Tó bá jẹ́ àwọn tí ìyálọ́jà mọ̀ dáadáa ni, àwọn tí ọjà wọn ti ń yá tẹ́lẹ̀, á jẹ́ pé wọn ì bá kúkú tẹ̀ síwájú ju àwọn yòókù lọ, yálà ẹ yá wọn lówó àbí ẹ ò yá wọn. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe ìgbéléwọ̀n fi fẹ́ràn kí wọ́n fi ìbò yan ẹni tó máa kọ́kọ́ gbà. Agbègbè Busia ní Kenya ni àpẹẹrẹ tó yé mi jù wà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Edward Miguel àti Michael Kremer, bá àjọ kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí oògùn aràn fáwọn ọmọ ilé ìwé. Ilé ìwé 75 ló wà nínú ẹ̀, owó àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní ò lè kárí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bá pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, 25, 25, 25. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn ní 1998, ìkejì ní 1999, ìkẹta ní 2001. Gbogbo wọn ló padà gbà á, kò sí ẹni tí wọ́n fi dù. Àmọ́ láàárín àsìkò tí ọ̀wọ́ kan ti gbà tí òmíì ò tíì gbà, wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n lè fi wé ẹni. Wọ́n rí i pé àìwá sílé ìwé dín kù. Kremer wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, torí irú iṣẹ́ báyìí.

Nǹkan kan tún wà nínú iṣẹ́ Busia yẹn tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Aràn máa ń ti ara ọmọ kan dé ara òmíì, torí náà nígbà tí ilé ìwé kan lo oògùn, ara àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà nítòsí náà yá sí i, àwọn tó yẹ kí wọ́n jẹ́ "ẹni tá ò fún" ti jẹ níbẹ̀ láìgbowó. Lọ́jà, ó lè jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: ìyá tẹ́ ẹ yá lówó kó ọjà sí i, àwọn oníbàárà ẹni tó jókòó tì í wá ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi aládùúgbò yẹn wé e, àǹfààní owó yín máa dà bíi pé ó tóbi ju bó ṣe jẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìpalára kan ti wà níbẹ̀ tẹ́ni kankan ò kà. Ọjà mìíràn ni kẹ́ ẹ ti wá àwọn tẹ́ ẹ máa fi wé wọn, ọjà tó jọ tiyín ní títóbi àti ní irú nǹkan tí wọ́n ń tà.

Nílé wa níbí, iṣẹ́ tí mo máa ń mẹ́nu bà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Six-Year Primary Project tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn kíláàsì kan fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dunjú ń kọ́ wọn. Kíláàsì tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìwé gbogbo nígbà yẹn. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ò gbẹ́yìn, wọ́n ṣe dáadáa, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí ò mọ̀ pé a ti ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín ara wa láti àádọ́ta ọdún ó lé. Síbẹ̀ ẹ wo ìbéèrè tó yẹ kí oníṣẹ́ ìgbéléwọ̀n bi: nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ̀ yẹn, èwo ni ti èdè Yorùbá, èwo ni ti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn? Tí nǹkan méjì bá jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó dáa kéèyàn tún ní kíláàsì kan tó rí ìkan gbà láìrí ìkejì. Ìbéèrè yìí ò bu iṣẹ́ wọn kù rárá, bí wọ́n ṣe ń fi ìkan kọ́ ìkan nìyẹn.

Fún báyìí, Ìyá Ìbejì, ẹ wo inú fáìlì yín. Ṣé ẹ ní orúkọ àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù tí owó ò kárí? Tó bá wà, ẹ wá wọn lọ, àwọn ló sún mọ́ àwọn tó gbà jù lọ torí àwọn náà fẹ́ yáwó, àwọn náà kọ fọ́ọ̀mù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ ò béèrè èrè wọn nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa méfò ohun tí wọ́n jèrè lọ́dún tó kọjá, ẹ béèrè nǹkan tí wọ́n lè rántí dáadáa: ṣọ́ọ̀bù ni àbí orí ilẹ̀, àwọn mélòó ló ń bá wọn tajà. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yáni lówó, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó yẹ sínú bébà, ẹ ká a, ẹ ṣẹ́ ìbò níwájú gbogbo ọjà, ìyálọ́jà gan-an ni kó mú un. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá jáde máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ máa rí i pé ìkùnsínú máa dín kù pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Olùkọ́ 1,200 ló wà níbi tí mo fẹ́ ṣe ìwádìí mi, fọ́múlà Yamane, tí wọ́n fi ń ṣírò iye ẹni téèyàn máa bá sọ̀rọ̀, fún mi ní 300. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wo èèyàn 100,000, 399 ni tiẹ̀. Ṣé mo ṣì í ṣe ni àbí kí ló dé tí tiẹ̀ ò fi jù tèmi lọ dáadáa? Súpáfáísọ̀ tún ní kí n sọ ọ́ di 500. (Tíṣà, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: O ò ṣì í ṣe. Fọ́múlà Taro Yamane tí gbogbo wa ń lò ní Nàìjíríà, iye gbogbo èèyàn lo máa pín, wàá fi 1 kún iye èèyàn lọ́nà 0.05 lọ́nà 0.05, ìyẹn lo máa fi pín in. 1,200 lọ́nà 0.0025 jẹ́ 3, fi 1 kún un ó di 4, 1,200 pín sí 4 jẹ́ 300. Lọ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́wàá, 400 ló máa fún ẹ. Kò lè kọjá 400 láé, bó ti wù kí ìlú tóbi tó. Ìdí ni pé tí àwùjọ bá ti pọ̀ dé àyè kan, ohun tó ń pinnu bí ìdáhùn ẹ ṣe máa súnmọ́ òótọ́ tó ni iye èèyàn tó o bá sọ̀rọ̀, títóbi ìlú ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan níbẹ̀.

Àmọ́ wọn kì í sọ ìyókù ọ̀rọ̀ fún yín. Fọ́múlà yẹn gbà pé pẹ́sẹ́ǹtì kan lò ń wá (bíi, olùkọ́ mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo fóònù kọ́ ọmọ), ó gbà pé o lè fi 5 tàsé sókè tàbí sísàlẹ̀, ó sì gbà pé gbogbo ẹni tó wà lórí lísìtì ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sọ́wọ́ ẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí lọ̀pọ̀ yín kì í ṣe. Ẹ ṣírò 300, ẹ wá lọ pín questionnaire fún ẹni tẹ́ ẹ bá bá ní staff room lọ́sàn-án ọjọ́ Friday. Ìyá tó mọ ẹ̀wà rà, á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kó tó sanwó, torí ó mọ̀ pé èyí tó dáa ni wọ́n dà sórí. Ìwọ náà, àwọn tó wà lórí ni wàá bá ní staff room yẹn.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn. Ní 1936, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, Literary Digest, fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn pé ta ni wọ́n máa dìbò fún sípò ààrẹ. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dáhùn. Wọ́n ní Landon ló máa wọlé. Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló mú! George Gallup, onímọ̀ ìwádìí èrò ará ìlú, tó bá èèyàn tó kéré sí tiwọn gan-an sọ̀rọ̀ ló sọ pé Roosevelt ni. Inú ìwé tẹlifóònù àti lísìtì àwọn tó ní mọ́tò ni Literary Digest ti kó orúkọ wọn, nígbà tí ìyà ń jẹ ìlú, ta ló ní mọ́tò? Àwọn tó dá káàdì padà náà yàtọ̀ sáwọn tí ò dá a padà. Mílíọ̀nù méjì ò gbà wọ́n là.

Nítorí náà, lọ gba lísìtì àwọn olùkọ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, fi nọ́ńbà sí wọn láti 1 dé 1,200, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú 300 fún ẹ, kó o wá lọ wá àwọn yẹn gan-an. Tó o bá rò pé ẹnì kan nínú márùn-ún ò ní dáhùn, 375 ni kó o mú látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ilé ìwé lo máa kọ́kọ́ yàn kó o tó mú olùkọ́ 20 ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, mọ̀ pé àwọn tó jọ wà nílé ìwé kan máa ń ronú jọra, wọ́n ní prínsípà kan náà, ìṣòro kan náà, 300 ẹ lè wá máa ṣiṣẹ́ bíi 150. Tó bá jẹ́ pé èyí ni súpáfáísọ̀ ẹ ń rò tó fi ní 500, òótọ́ ló sọ. Lọ béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó o lè kọ ọ́ sínú chapter three, ibi tó o ti ń ṣàlàyé bó o ṣe ṣe ìwádìí ẹ, torí ẹni tó bá máa dán ẹ wò máa béèrè.

Ìbéèrè: Kí ni itumọ̀ 2.50 tí wọ́n ń ní kí gbogbo wa fi ṣe cut-off, ìyẹn ààlà, fún ìdáhùn questionnaire? Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ẹ̀ rí. (Ọmọ Ìjẹ̀bú)

Ìdáhùn: O ṣeun tó o béèrè. Tí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́rin, "mo gbà gan-an" jẹ́ 4, "mo gbà" 3, "mi ò gbà" 2, "mi ò gbà rárá" 1, wọ́n á ro 4, 3, 2, 1 pọ̀, ó di 10, pín in sí mẹ́rin, 2.50. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, wọ́n á ní "àwọn èèyàn gbà". Irú ìwọ̀n yìí ti wà látọ̀dọ̀ Rensis Likert, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní 1932, mi ò ní ìjà pẹ̀lú ẹ̀. 2.50 yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹ wò ó: tí ìdajì kíláàsì bá ní "mo gbà gan-an" tí ìdajì ní "mi ò gbà rárá", 2.50. Tí ìdajì bá ní "mo gbà" tí ìdajì sì ní "mi ò gbà", 2.50 náà ni. Kíláàsì àkọ́kọ́ ti fẹ́ jà, kíláàsì kejì ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà, nọ́ńbà kan náà lẹ kọ fún wọn. Ẹ kọ iye tó sọ ìkọ̀ọ̀kan àti pẹ́sẹ́ǹtì ẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀ka yín bá ní dandan kẹ́ ẹ fi 2.50 sí i, ẹ fi sí i lẹ́yìn ìyẹn.

Ìbéèrè: SPSS àbí R, ẹ̀gbọ́n? Mi ò lówó tí mo fẹ́ fi ra SPSS, wọ́n ní R le. Ṣé mo sì lè rí dátà tó dáa fi kọ́ṣẹ́? (Kọ́pà, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ọ̀fẹ́ ni R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ìwádìí lòun náà bíi SPSS. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Auckland, New Zealand, ní nǹkan bíi 1993, àwọn tó ń lò ó kárí ayé ló ń bá a lọ. Ó le lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lóòótọ́ torí wàá máa tẹ àṣẹ dípò kó o máa fi máòsì tọ́ka, àmọ́ gbogbo nǹkan tó o ṣe ló máa wà nílẹ̀ ní kíkọ, o lè tún un ṣe lọ́la, súpáfáísọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Fún èmi, ìyẹn nìkan tó ìdí láti yàn án. Tó bá sì ń bà ẹ́ lẹ́rù, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jamovi tàbí JASP, ọ̀fẹ́ làwọn náà, wọ́n jọ SPSS lójú, tàbí PSPP tí wọ́n dìídì ṣe kó jọ ọ́. Fún gbígba ìdáhùn, KoboToolbox lórí fóònù, ó máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, tó o bá dé ìlú kó o wá fi ránṣẹ́.

Ní ti dátà, wá General Household Survey-Panel, iṣẹ́ National Bureau of Statistics wa pẹ̀lú World Bank. Ìdílé 5,000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ní 2010/2011, wọ́n sì padà lọ sọ́dọ̀ wọn léraléra (ní 2018/2019 wọ́n fi ìdílé tuntun rọ́pò ọ̀pọ̀ nínú wọn), oko wọn, oúnjẹ wọn, ilé ìwé àwọn ọmọ wọn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni tó o bá forúkọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ojú ìwé yìí ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Ka ìwé àlàyé tó bá a wá kó o tó fọwọ́ kan nọ́ńbà, pàápàá ibi tí wọ́n ti sọ nípa weight, torí kì í ṣe gbogbo ìdílé ló dúró fún iye èèyàn kan náà nínú ìlú, tó ò bá lò ó ìpíndọ́gba tó o máa rí ò ní jẹ́ ti Nàìjíríà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo gbé dátà mi fún ẹnì kan tó ń ṣe chapter four (ibi àbájáde ìwádìí) fún wa nítòsí ṣùkúù. Ó ní p-value mi jẹ́ 0.06, pé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn, àmọ́ tí mo bá fi owó kún un òun á "tún un ṣe". Mo ti ń sunkún láti àárọ̀. (Ẹni tó fẹ́ gboyè lọ́dún yìí)

Ìdáhùn: Nu ojú ẹ, ọmọ mi. Iṣẹ́ ẹ ò bàjẹ́. Má fún un lówó kankan mọ́, lọ gba fáìlì ẹ lónìí.

Ohun tí 0.06 ń sọ ni pé: ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì tó o wò, irú ìyàtọ̀ tó o rí yìí tàbí èyí tó jù ú lọ lè fúnra ẹ̀ yọjú ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn nìkan. Kò sọ pé iṣẹ́ ẹ dáa tàbí kò dáa, kò sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó. 0.05 tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé, Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ láti 1925 bíi ààlà tó rọrùn láti lò, kì í ṣe òfin tó já látọ̀run. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò Amẹ́ríkà, American Statistical Association, tẹ ọ̀rọ̀ jáde pé kí wọ́n yéé fi ààlà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ pinnu ohun tó jẹ́ òótọ́.

Ohun tí ọkùnrin yẹn pè ní "títún un ṣe", yálà ó máa yọ àwọn èèyàn kan kúrò, tàbí ó máa dán oríṣiríṣi nǹkan wò títí èyí tó wọ abẹ́ 0.05 á fi jáde, tàbí ó máa kọ nọ́ńbà tó wù ú. Tí èèyàn bá dán nǹkan ogún wò tí kò sí òótọ́ kankan nínú wọn, ìkan sábà máa ń bọ́ sábẹ́ 0.05 fúnra ẹ̀. Tó o bá wá tẹ ìkan yẹn nìkan jáde, ẹlòmíì máa kà á, yóò gbà á gbọ́, bóyá ilé ìwòsàn kan tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kan á náwó lé e lórí. Mo mọ̀ pé owó àti àsìkò ló ń lé yín. Mo tún mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń jókòó sí hostel tí wọ́n ń fi bírò mẹ́ta dáhùn questionnaire 300 fúnra wọn. Ọmọ mi, àwọn tó bá ẹ sọ̀rọ̀ fi àsìkò wọn sílẹ̀ fún ẹ, tiwọn ni ìdáhùn yẹn, o ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Ṣí fáìlì náà fúnra ẹ, kọ́kọ́ wò ó bóyá àṣìṣe títẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ọjọ́ orí ẹ̀ jẹ́ 230, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, fi ìwé tí wọ́n dáhùn sí wé e, kó o sì kọ gbogbo èyí tó o bá tún ṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ṣe ìdánwò tó o sọ nínú chapter three pé wàá ṣe, òun gan-an. Kọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó, kọ confidence interval ẹ̀ (ìyẹn láti ibi tó kéré jù dé ibi tó ga jù tí ìyàtọ̀ gidi náà ṣeé ṣe kó wà), kọ p = 0.06 bó ṣe rí, má fi ìràwọ̀ kankan, tí wọ́n fi ń sàmì sí èyí tó wọ abẹ́ 0.05, sí i lára. Nínú chapter five, sọ pé ìyàtọ̀ tó o rí tó báyìí, pé iye èèyàn tó o wò ò tíì pọ̀ tó láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kó o sì ṣírò iye tí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe máa nílò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ G*Power máa ṣe ìyẹn fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ̀ ẹ́, gbé e lọ fún súpáfáísọ̀ ẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mú ìwé ìdáhùn àwọn èèyàn náà dání lọ, tí wọ́n bá béèrè ìdí tí kò fi wọ abẹ́ 0.05, fi hàn wọ́n.